Ara Ti Dé Aláákíà, Ẹ̀mí Ṣì Wà Lórí Òkun

Àga náà tún ké.

Bí Dúrósinmí bá ti gbé ìdí kúrò lórí rẹ̀ báyìí ni í máa ń ké, bí ọmọ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ẹni tó jókòó sínú Ilé Ìdúró ní Aláákíà n'Íbàdàn á sì yíjú láti wo ẹni tó dìde. Nígbà tó yá, wọn ò yíjú mọ́. Wọ́n ti mọ̀ pé òun náà ni.

Abọ́sẹ̀dé, olùtọ́jú ilé náà, ń bó ọsàn nídìí tábìlì rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Bọ̀dá, ẹ tún ti dá ẹ̀mí yín dúró lórí yìnyín. Òtútù á pa á."

Dúrósinmí wo apá àga rẹ̀. Wọ́n fín àwòrán ayé sára igi níbẹ̀, ìlà kan sì gba orí rẹ̀ kọjá láti Wínípẹ̀gì ní ilẹ̀ Kánádà wá sí Ìbàdàn. Iná kékeré kan, tí kò ju ìdí tanátaná lọ, wà lórí ìlà náà. Bó bá jókòó, iná á máa rá pálá lọ. Bó bá dìde, iná á dúró gbagidi. Nísinsìnyí ó ti dúró létí òkun, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ sínú omi, kò lọ, kò bọ̀.

Ó ní ẹsẹ̀ lòun kàn fẹ́ nà. Abọ́sẹ̀dé ní ó ti ń nà á láti àárọ̀, ẹsẹ̀ náà á ti kan Òṣogbo báyìí.

Bàbá Rẹfirí, tó jókòó sí àga kejì, bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́ gan-an ni orúkọ bàbá yìí, ṣùgbọ́n ó ti fọn fèrè lórí pápá bọ́ọ̀lù pẹ́ débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti gbàgbé orúkọ yẹn. Òun àti Dúrósinmí ni kànnàkànnà jọ ta wá láti Wínípẹ̀gì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iná tirẹ̀ ti wọ inú òkun lọ réré, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí, torí pé láti ìgbà tí bàbá náà ti jókòó, kò dìde àfi ìgbà tó lọ tọ̀. Àga kì í sì í ké lé ẹni tó ń lọ tọ̀. Òfin náà mọ̀ pé àgbà ló jókòó.

Kànnàkànnà. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà gùn, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí mọ̀ pé kànnàkànnà ni. Wọ́n á dì ọ́ bí òkò, wọ́n á fì ọ́, wọ́n á sọ ọ́, o ó sì bá ara rẹ nílùú mìíràn kí itọ́ tí o gbé mì tó dé inú. Wínípẹ̀gì sí Ìbàdàn lé ní ẹgbàárùn-ún kìlómítà, àmọ́ màmá Dúrósinmí máa ń sọ pé bí òun bá gbé ẹ̀wà kaná nígbà tí wọ́n bá ta èèyàn lọ́hùn-ún, onítọ̀hún á dé bá ẹ̀wà ní líle.

"Ara ló ń dé," Bàbá Rẹfirí ní. "Ẹ̀mí kì í gun nǹkan burúkú yẹn. Ẹ̀mí ṣì ń wọ bàálù ayé àtijọ́, tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Kí wọ́n tó kọ́ Ilé Ìdúró, mo rí lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀ tó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Àbúrò ìyàwó mi dé láti Jàpáànù, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sì ní kí dírẹ́bà já òun sílẹ̀ níwájú."

Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí gbogbo ara tó bá dé jókòó de ẹ̀mí rẹ̀, fún iye wákàtí tí bàálù àwọn baba wa ìbá fi gba ọ̀nà náà. Wákàtí mẹ́tàlá ni ti Wínípẹ̀gì. Kí ó tó pé, o kò tíì dé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kí ọ káàbọ̀. Obìnrin kan kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ìdúró látorí ìbẹ̀rẹ̀.

Dúrósinmí jókòó. Àga dákẹ́. Iná gbéra lórí yìnyín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀ lábẹ́ àga.

Kí ẹ má bá ọmọkùnrin yìí wí. Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ mẹ́ta kó tó bí i, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Dúrósinmí, kó lè dúró sin òun. Ó dúró láyé lóòótọ́. Ibi kan pàtó láyé ni kò dúró sí. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ìjọba máa ń de ẹ̀gbà mọ́ ọmọ lọ́wọ́, ìpín òfurufú rẹ̀ á sì wà nínú rẹ̀, gbogbo ibi tó lè fò dé láyé rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń ṣọ́ tiwọn ná. Dúrósinmí fi tirẹ̀ wo bọ́ọ̀lù ní Bùràsíìlì. Ó fi tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan dé Jàpáànù, ọmọbìnrin tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé òun. Ó fi lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Náíróbì, ó sì débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì ìgbéyàwó. Nígbà tó fi máa pé ogójì ọdún, ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju láti Wínípẹ̀gì tó ti ń ṣiṣẹ́ sí Ìbàdàn lọ, àlọ láìsí àbọ̀.

Màmá rẹ̀ yóò pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Kànnàkànnà kì í sì í gbé egungun tó ti pé àádọ́rin. Ìdí nìyẹn tí Dúrósinmí fi ronú ní alẹ́ ọjọ́ kan pé, bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù, ilé ni kí n fi lọ. Kí n lọ jókòó ti ìyá mi.

Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ní í sọ? Ìrìn-àjò kì í ṣe ohun tí à ń polongo kí a tó dé, ayé ò dára. Ó sọ níbi iṣẹ́ pé eyín ń dun òun. Lálẹ́ tó ṣáájú, ó pe màmá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ tètè sùn ni. Màmá ní òun náà fẹ́ tètè sùn, òun kàn ń ṣa ẹ̀wà tí òun máa sè lọ́la. Wọ́n ṣàdúrà fún ara wọn gidi.

Òfin fún ẹni tó ń dúró láàyè láti fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ránṣẹ́ síta. Láti ìgbà tó ti délẹ̀ ni Dúrósinmí ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá, ó ní kó má se ẹ̀wà náà ní ìwọ̀nba, àlejò ń bọ̀. Èsì rẹ̀ ló ń retí tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀.

Ẹ̀rọ orí tábìlì Abọ́sẹ̀dé dún. Abọ́sẹ̀dé kà á. Ó gbé ọsàn sílẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó tún un kà.

"Bọ̀dá, ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó."

"Ẹ jókòó dáadáa." Ó wá dúró níwájú rẹ̀. "Wọ́n ní màmá yín, Súwébátù Àbẹ̀jẹ́, kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ní ó ń dúró."

Dúrósinmí ní ó dúró sí ibo, ṣé lẹ́nu ọ̀nà ni. Abọ́sẹ̀dé mi orí.

"Ó wà nínú Ilé Ìdúró. Ní Wínípẹ̀gì."

Bàbá Rẹfirí súfèé, gígùn, bí ìgbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ara ẹni.

Ó gba Dúrósinmí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Màmá náà ní ẹyọ kan. Mẹ́kà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín tirẹ̀, ó sì ń fọ́nnu pé òun ń tọ́jú ìyókù. Òun náà ti rí i pé àádọ́rin ń bọ̀. Òun náà ti ronú pé kí òun lọ jókòó ti ọmọ òun. Òun náà ò sọ fún ẹnì kankan, torí pé ayé ò dára. Wọ́n jọ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, wọ́n kọjá lára wọn lókè òkun bí òkò méjì, bóyá kò tilẹ̀ jìn sí ara wọn, kálukú ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́ pé inú ẹnì kejì á mà dùn o.

Ó bẹ Abọ́sẹ̀dé pé kó bá òun pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí wọ́n kàn sọ fún màmá pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Abọ́sẹ̀dé ní bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á lé òun níṣẹ́, òun náà á jókòó sílé. Ẹni tó ń dúró kì í gba ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ á ṣáájú ẹ̀mí dé, orí á sì dàrú. Ó wá fà á létí, ó fi àgékù ọsàn tọ́ka sí ilẹ̀kùn pupa tó wà ní ìpẹ̀kun yàrá.

"Ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ni Ilẹ̀kùn Ìpadà ń ṣí fún èèyàn. Ẹ bá gba ibẹ̀, wọ́n á ta yín padà lọ́fẹ̀ẹ́, òfin á ní ẹ ò wá rárá. Ṣùgbọ́n òfurufú tí ẹ ti ná ti lọ nìyẹn, kì í padà sọ́wọ́ yín. Bí iná yín bá sì ti kọjá àárín òkun, ilẹ̀kùn ò mọ̀ yín mọ́. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ màmá lọ́hùn-ún. Àwọn náà á ti jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ò sí nílé, bó bá ti ránṣẹ́ sí yín."

Dúrósinmí ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Bí òun bá jókòó, tí màmá jókòó, òun á wà n'Íbàdàn títí ayé, màmá á wà ní Wínípẹ̀gì nínú yìnyín, nínú ilé tí òun ti kó ẹrù òun kúrò. Bí òun bá padà, tí màmá náà padà, wọ́n á tún kọjá lára wọn lókè, kálukú á dé ilé ara rẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ méjèèjì á ṣófo. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló là: kí ẹnì kan rìn, kí ẹnì kan jókòó. Ta ni kó rìn?

Bàbá Rẹfirí ti dá ẹjọ́ tirẹ̀. "Ọmọ kì í jókòó kí ìyá máa bọ̀. Dìde. Lọ bá ìyá rẹ."

Dúrósinmí dìde. Àga ké. Ó fò dé ẹnu ilẹ̀kùn pupa, ó gbọ́wọ́ lé e, ilẹ̀kùn sì bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́ bóyá ó fẹ́ padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán, ó ní rárá, kó dúró ná. Màmá ń kọ́? Màmá tí kì í jókòó jẹun? Màmá tó máa ń dìde láti Ọ̀jọ́ọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òkè-Àdó, pé kí ọkọ̀ má lọ gbé òun kọjá? Inú ọmú obìnrin yẹn ni òun ti mu àìlèjókòó yìí. Kò sí bí wọ́n ṣe máa ní kó fi ìdí mọ́ àga tí kò ní dìde. Á padà dandan. Dúrósinmí sáré padà sórí àga. Àga dákẹ́. Kó tó tún ro nǹkan mìíràn, iná ti wọ inú òkun lọ réré.

Àmọ́ màmá mọ òun náà. Á ti wí i pé Dúró tèmi yìí, kò lè jókòó, á máa bọ̀ lọ́nà báyìí, ẹ jẹ́ kí n fara da àga yìí. Dúrósinmí tún dìde. Àga ké. Ẹ ti rí àwọn méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró rí: eléyìí yà sọ́tùn-ún, ìyẹn náà yà síbẹ̀, eléyìí yà sósì, ìyẹn ti wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń bẹ ara wọn, kò sẹ́ni tó kọjá. Àwọn méjì yìí ṣe tiwọn láìrí ojú ara wọn, òkun ló sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà wọn.

Ó dúró sáàárín yàrá. Ó kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n nìyẹn, bí òun bá wà lórí ìdúró, iná òun ò ní lè kọjá àárín òkun. Abọ́sẹ̀dé rán an létí pé iná ti màmá ń rìn ní tirẹ̀.

"Bíi iṣẹ́jú mélòó ló kù fún mi?" ó béèrè.

"Bí ẹ bá jókòó? Kò tó ìgbà tí èèyàn á fi fọ aṣọ méjì."

Ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò bínú, ó tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, lọ́tẹ̀ yìí ní ọ̀nà mìíràn. Ó ní, "Ta lo ń wá lọ?"

Mo ń wá ìyá mi, Dúrósinmí fẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí ó ti sọ ọ́ rí, ọ̀rọ̀ náà gan-an, pẹ̀lú ikun nímú, fún ọlọ́pàá kan ní ibùdó rélùwéè Mọ́níyà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ó jáwọ́ kúrò lára màmá láti wo orí ọkọ̀, ó bojú wẹ̀yìn, màmá ò sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Màmá náà ń wá a kiri. Bí ọmọ bá gba iwájú ilé náà, ìyá á gba ẹ̀yìn. Bí ìyá bá gba ẹ̀yìn jáde síwájú, ọmọ á ti pẹ́yìn dà. Ọkọ̀ ojú irin fọn, ó gbéra, ó fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Nígbà tí màmá rí i níkẹyìn, kò nà án. Ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè bára dọ́gba.

"Bí o bá sọnù, jókòó. Èmi tí mo bí ọ ni n óò wá ọ. Bí àwa méjèèjì bá ń wá ara wa, ta ni a ó rí?"

Kò jókòó rí láti ọjọ́ náà. Jàpáànù, Náíróbì, Bùràsíìlì, Wínípẹ̀gì. Bó ṣe ń sọnù ló ń rìn.

Ó yọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

Bàbá Rẹfirí pariwo pé kí ló tún ń ṣe, ọmọ wo ló ń ṣe báyìí. Dúrósinmí rìn lọ sórí àga rẹ̀, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ àga mú bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. Iná rá. Gbogbo ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún jó, ó fi tòsì tẹ̀ ẹ́; tòsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Iná dé àárín òkun, kò tilẹ̀ dúró wo ibẹ̀, ó kọjá. Ní ìpẹ̀kun yàrá, àwọ̀ pupa ara ilẹ̀kùn kú.

"Ó tán," Bàbá Rẹfirí ní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Abọ́sẹ̀dé yí àga Dúrósinmí kó lè kọjú sí gíláàsì. Ó ní àwọn tó bá padà kì í wọ Ilé Ìdúró. Lójú òfin wọn ò lọ síbì kankan, kí ni wọ́n tún fẹ́ dúró dè? Ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ni wọ́n máa ń gbà jáde lọ sílé.

Kànnàkànnà kan dé. Àwọn èèyàn bíi mẹ́rin kọjá lẹ́yìn gíláàsì, ojú ń tì wọ́n. Màmá ò sí níbẹ̀. Òmíràn dé. Obìnrin arúgbó kan bọ́ sílẹ̀, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé bíi ti màmá, ó ń rìn bí màmá, èjìká ọ̀tún ṣáájú. Dúrósinmí fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Obìnrin náà yíjú. Ìyá ẹlòmíràn ni. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Iná kúrò lórí òkun, ó gun ilẹ̀ Áfíríkà. Bàbá Rẹfirí dé kí Dúrósinmí tó dé, iná tirẹ̀ di àwọ̀ ewé, wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Kò lọ. Ó ní orúnkún ń dun òun, ó sì jókòó padà.

Kànnàkànnà kẹta dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló jáde nínú rẹ̀, ó ń bá òṣìṣẹ́ tó di ẹrù rẹ̀ mú jà pé kó rọra, kó má fọ́ nǹkan òun. Ó rí gíláàsì. Ó rí ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá Súwé fi ìjà sílẹ̀, ó wá síbi ihò kéékèèké tí wọ́n lu sára gíláàsì. Kò kí i káàbọ̀, kò ya wèrè. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Níbo lo dé?"

"Mo wà lórí Màlì, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

"Màlì? Ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń bọ̀ ni?"

Dúrósinmí bi í pé kí ló gbé e padà.

"Ẹ̀wà ni," Màmá ní. Ó ní òun gbé e kaná láàárọ̀, òun sì tan rédíò sílẹ̀, kí Ìyá Kàfílà tó wà nítòsí lè máa rò pé òun wà nílé. Ìgbà tí òun jókòó sórí àga òtútù wọn lọ́hùn-ún ni òun rántí pé òun ò pa iná. "Ṣé kí n wá jẹ́ kí ilé jó? Ìyẹn ni mo ṣe padà. Kì í ṣe nítorí rẹ. Ìwọ tí o fẹ́ máa ti Wínípẹ̀gì sìnkú èèyàn."

Dúrósinmí la ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ló ra sítóòfù tí Màmá fi ń dáná, tó fi ọkọ̀ ẹrù ojú omi gbé e ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Bí omi bá ti gbẹ nínú ìkòkò, ó ń pa ara rẹ̀ ni. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni màmá fi yìn ín lórí fóònù, tó ní ó gbọ́n ju ẹni tó rà á lọ. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ rántí Mọ́níyà, Màmá?"

"Mọ́níyà wo?" Màmá tú gèlè tí kò tú, ó sì tún un wé, ó gbójú sí ibòmíràn fún ìgbà díẹ̀.

Dúrósinmí sún síwájú kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Àga ké. Màmá na ìka sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Jókòó. Ṣé o fẹ́ kó dúró sórí Màlì ni?"

Ó jókòó. Àga dákẹ́. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn Màmá, wọ́n gbé e síbẹ̀ fún àwọn tó bá wá pàdé èèyàn. Màmá wò ó bí ẹni wo ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ó dì í mú létí, ó wọ́ ọ gbirigbiri wá sẹ́bàá gíláàsì, ó gbọn aṣọ rẹ̀, obìnrin tí kì í jókòó jẹun sì jókòó.

"Máa bọ̀ jẹ́jẹ́," ó ní. "Mi ò lọ síbì kankan mọ́."

Ẹsẹ̀ Dúrósinmí méjèèjì dákẹ́ lábẹ́ àga. Iná kékeré náà gbéra lórí Màlì, ó kọrí sílé.